Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà: Ọjà Tí Fóònù Tó Ti Kú Ti Ń Jí Dìde

Ẹni tó bá ní òun ti ná gbogbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá tán, tí kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà, irọ́ ló ń pa. Ìtòkú ni ti àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Balógun ni ti aṣọ l'Ékòó. Bódìjà ni ti oúnjẹ n'Íbàdàn. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọn kì í ti í ta ata, tí wọn kì í ti í ta ẹja, tí èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ bí omi láti àárọ̀ títí dalẹ́, ti Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì nìyẹn. Fóònù ni ata wọn, kọ̀ǹpútà ni ẹja wọn.

Ohun tó gbé ìyá aláàdìrẹ kan láti Ìtòkú débẹ̀ lọ́jọ́ kan kì í ṣe fàájì o. Fóònù rẹ̀ ló já bọ́ sínú ìkòkò aró. Ó bẹ̀rẹ̀ kó yí aṣọ po, fóònù yọ́ lápò, ó wọnú aró lọ. Kí ìyá tó fi igi wá a jáde, ojú fóònù ti ṣú dùdù.

Ẹlòmíì lè ní kí ni fóònù jẹ́ tí àgbàlagbà fi ń sunkún lé e lórí. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń bẹ nínú fóònù oníṣòwò ayé òde òní ni. Nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó ń ra àdìrẹ láti London àti Houston, inú rẹ̀ ló wà. Àkọsílẹ̀ àjọ àwọn obìnrin 24 tó ń dáwó sọ́wọ́ ìyá yìí, inú rẹ̀ náà ni. Èyí tó wá burú jù ni ti ohùn ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ọlọ́jọ́ tó dé ṣì wà níbẹ̀. Alaalẹ́ Sátidé ni ìyá máa ń gbọ́ ọ kó tó sùn.

Àwọn ará ọjà gbà á nímọ̀ràn títí. Ọ̀kan ní, "Ẹ kì í bọ inú ìrẹsì." Òmíràn ní, "Ẹ sá a sóòrùn." Ẹ̀kẹta ní, "Ẹ fi ṣájà gún un wò." Ìyá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fóònù kò mí. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin kan tó ń ta káàdì nítòsí sọ pé, "Ìyá, Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ló kù o."

ÌRÌN ÀJÒ Ọ̀HÚN

Ní kùtù hàì ọjọ́ kejì, ìyá wọ ọkọ̀ Èkó ní Kútọ̀. Ọkọ̀ náà gba Ìtòrí, ó gba Ìfọ̀, ó já sí Sàngó Ọ̀tà. Láti ibẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá Abúlé Ẹ̀gbá, ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì.

"Ṣé ẹ rí apá ibẹ̀ yẹn?" ló wí. "Katangowa nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìjọba ní àwọn máa kó Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì wá."

Òkìrìkà tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ni ìyá mọ̀ mọ Katangowa. Ó ya ìyá lẹ́nu. Ó ní, "Àwọn tó ti fìdí múlẹ̀ n'Íkẹjà? Ṣé wọ́n gbà ni?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bí wọ́n bá gbà, ṣé ẹ ò bá máa lọ sí Ìkẹjà lónìí, ìyá?"

Wọ́n já ìyá sílẹ̀ ní Ìkẹjà Along. Ó wọ dánfó kékeré kan dé abẹ́ bíríìjì, ó bá èrò rìn. Àwọn tó ń bọ̀ láti apá Agbádó tàbí Òyìngbò ní ọ̀nà mìíràn lónìí o. Rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó sì ń dúró n'Íkẹjà. Ẹni tó bá wọ ọ́ bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ.

Kí ìyá tó rí ọjà ni etí rẹ̀ ti gbọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn, rẹ́kọ́ọ̀dù ń dún látinú ẹ̀rọ ńláńlá, àwọn ọmọkùnrin sì ń pariwo: "Mọ́mì, fóònù ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ tún ṣe? Ṣé láptọ́ọ̀pù ni? Ẹ wá ibí!" Ṣọ́ọ̀bù lókè, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀. Àwọn tí kò rí ṣọ́ọ̀bù gbà jókòó sábẹ́ agboòrùn pẹ̀lú tábìlì kékeré. Lórí tábìlì kan, kìkì ojú fóònù. Lórí òmíràn, kìkì bátìrì. Ẹnìkan ń ta pádì tí àwọn ọmọdé fi ń ta gémù. Ẹnìkan ń ta okùn ṣájà bí ẹni ń ta okùn ewúrẹ́.

BÍ ỌJÀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Kì í ṣe ọjà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń gbé ni Otigba, Ola-Ayeni, Pepple, Oremeji àti àwọn òpópónà tó yí wọn ká. Àwọn oníṣẹ́ tó ń tún táípúráítà àti ẹ̀rọ ọ́fíìsì ṣe wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Nígbà tó di àárín ọdún 1990 síwájú, táípúráítà bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kọ̀ǹpútà ń wọlé dé. Ẹni tó mọ ọwọ́ rẹ̀ kò bá táípúráítà kú. Ó kọ́ kọ̀ǹpútà. Onílé ń sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, aládùúgbò rẹ̀ rí i pé owó wà níbẹ̀, òun náà wó ògiri tirẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni fóònù alágbèéká dé ní 2001. Kí ó tó dé, gbogbo ìlà tẹlifóònù tó wà ní Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù lọ. Ilé olówó àti ọ́fíìsì ìjọba ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Lónìí, ìlà tó ń ṣiṣẹ́ lé ní 150 mílíọ̀nù. Ẹ fojú inú wo iye fóònù tó ń já bọ́, tó ń fọ́, tó ń mu omi nínú èyí. Ibi tí fóònù bá ti fọ́ ni oúnjẹ ẹnjiníà wà.

Ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ di ènìyàn ńlá. Nnamdi Ezeigbo kàwé lórí iṣẹ́ iná mànàmáná. Kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe lágbègbè yìí kó tó dá ilé-iṣẹ́ SLOT sílẹ̀ ní 1998. Lónìí, ṣọ́ọ̀bù SLOT wà káàkiri ìlú ńláńlá. Àwọn ará Ṣáínà náà ti mọ ojú ọ̀nà ọjà yìí. Ilé-iṣẹ́ Transsion, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, tó ń ṣe Tecno, Itel àti Infinix, ilẹ̀ Áfíríkà ló dojú kọ. Wọ́n rí i pé onílé kan ń lo ìlà méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ṣe fóònù tó ń gba síìmù méjì. Wọ́n rí i pé àwòrán aláwọ̀ dúdú kì í mọ́ dáadáa nínú kámẹ́rà àwọn ẹlòmíì, wọ́n tún kámẹ́rà tiwọn ṣe kó lè ya dúdú yọ dáadáa. Oníṣòwò tó bá fetí sí oníbàárà kì í ṣòfò.

ẸNU DÍDÙN KÌ Í ṢE ỌJÀ

Ìyá kò tíì rìn tó ìwọ̀n ilé márùn-ún tí ọmọkùnrin kan fi mú un lápá. "Mọ́mì mi, fóònù yín kú? Ẹ mú un wá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Ó ti na ọwọ́ kó gbà á.

Ìyá fa ọwọ́ padà. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo ni ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Ọ̀gá mi ló ní in, ó wà lọ́hùn-ún."

"Ó dáa, pe ọ̀gá rẹ kó jáde kí n rí i." Ọmọkùnrin náà poora sáàárín èrò.

Ọgbọ́n ọjà tí ìyá fi ń ná àdìrẹ, òun náà ló gbà á là. Bí ọjà yìí ti dára tó, àwọn gbájú-ẹ̀ wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe wà ní ọjà gbogbo. Òmíràn á fi fóònù gidi hàn oníbàárà lójú títì. Ìgbà tí owó bá ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, á fi ohun mìíràn tó wúwo bíi fóònù pàrọ̀ rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ilé ni ẹni ẹlẹ́ni á ti tú u tí á fi ké "Yéè!" Òmíràn á ta fóònù ọlọ́sà fún ènìyàn, ọlọ́pàá á sì wá bá ẹni tó rà á.

Àwọn tó mọ ọjà náà ní ohun mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe. Wọn kì í rà lọ́wọ́ ẹni tó dúró sójú títì, inú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wọ̀. Wọ́n ń tẹ *#06# sórí fóònù kí wọ́n tó sanwó. Nọ́ńbà tó ní òǹkà 15 á jáde, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára páálí rẹ̀ mu. Wọ́n sì ń gba rìsíìtì tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà yẹn wà lára rẹ̀. Bí ìjà bá dé, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń pè ní CAPDAN wà tí ènìyàn lè fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní rìsíìtì, kí ni yóò fi rojọ́?

NÍNÚ ṢỌ́Ọ̀BÙ ẸNJINÍÀ

Ìyá béèrè lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá. Ó ní, "Ta ni ẹ̀yin fúnra yín máa ń gbé fóònù fún?" Olómi fọwọ́ tọ́ka sí àtẹ̀gùn kan. Ẹnu àwọn tó ń jókòó sọ́jà lojoojúmọ́ ni òótọ́ wà.

Lókè, ẹnjiníà náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó fi ìjókòó fún ìyá. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe owó. "Ìyá, ṣé ẹ ti yọ síìmù yín? Ṣé ẹ ti ti ìlà báńkì yín pa?"

Ìyá ní òun kò ṣe ìkankan. Ẹnjiníà yọ síìmù náà, ó fi í lé e lọ́wọ́. "Ẹ mú un dání. Ẹ má fi síìmù sílẹ̀ nínú fóònù tí ẹ fẹ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà èmi. Ẹni tó bá mú síìmù yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú owó báńkì yín. Bó bá jẹ́ pé fóònù sọnù ni, ẹ pe báńkì kíákíá, kí ẹ tó lọ ṣe welcome back."

Ó fi atẹ́gùn gbígbóná ṣí ẹ̀yìn fóònù. Nígbà tó ṣí i tán, gbogbo wọn pariwo. Páńẹ̀lì inú fóònù, tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ ewé, ti dà bí aṣọ àdìrẹ. Aró ti mu ún.

"Ìyá, kí ló wà nínú aró yín?"

"Aró ni, pẹ̀lú kọ́sítíìkì."

Ẹnjiníà mirí. "Kọ́sítíìkì ló ń jẹ irin inú rẹ̀. Omi lásán ì bá sàn. Ṣé ẹ ti fi ṣájà gún un?" Ìyá dákẹ́. "Ìyẹn ló pa á jù. Fóònù tó bá mu omi, ẹ pa á, ẹ má fi iná sí i. Ìrẹsì náà kò ṣe é lóore. Ó kàn ń kó eruku àti ìyẹ̀fun sí ihò rẹ̀ ni. Kódà ilé-iṣẹ́ Apple tó ń ṣe iPhone ti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa ìrẹsì yìí."

Wọ́n dúnàádúrà. Ẹnjiníà dá iye kan, ìyá gé e sí méjì. Ẹnjiníà ní, "Ìyá, ẹ má pa mí lẹ́kún," ìyá ní, "Oníṣòwò ni èmi náà, ọmọ mi." Wọ́n pàdé láàárín. Àdéhùn wọn ni pé bí fóònù kò bá jí, owó àyẹ̀wò nìkan ni ìyá máa san, àti pé ojú ìyá ni wọ́n máa ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó wá gba fóònù náà lọ́wọ́ ẹnjiníà ni ó ya ìyá lẹ́nu. Ọmọbìnrin kan ni, ó wé gèlè kékeré mọ́rí, ó fi ojú sí awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó ń fi spírítì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ páńẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fọ etí ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ó mú irin ìjó, ó yọ nǹkan kan tí kò tó hóró ìrẹsì, ó fi òmíràn rọ́pò.

"Ọmọ yín ni?" Ìyá ló béèrè.

"Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi ni, mà. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyí. Ó ku díẹ̀ kó ṣe frídọ́ọ̀mù."

Ìyá mirí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe frídọ́ọ̀mù fún télọ̀ àti onídìrí ní Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Àwọn Ìgbò tó pọ̀ nínú ọjà náà ní tiwọn: ọmọ á sin ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ọ̀gá á fún un lówó àti ọjà tí á fi dá dúró. Ẹnìkan ò kọ́ iṣẹ́ yìí nínú ìwé nìkan. Ojú ló fi ń wò ó, ọwọ́ ló fi ń ṣe é. Oníṣọ̀nà ni wọ́n, bí alágbẹ̀dẹ àti aláàdìrẹ.

Ó tó wákàtí méjì. Ojú fóònù ti kú pátápátá, ẹnjiníà wá so ojú mìíràn mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò ṣe nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ìyá ti ń pe orúkọ Ọlọ́run. Lẹ́ẹ̀kẹta, iná tàn.

Ìyá kò wo nọ́ńbà oníbàárà, kò wo ìwé àjọ. WhatsApp ló lọ ní tààrà. Ó wá ohùn kan, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sétí. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọbìnrin tó wé gèlè yíjú sí ògiri. Nígbà tí ìyá gbé fóònù kúrò létí, ó ní, "Ohùn rẹ̀ ni." Ó fi ìdí ìró nu ojú.

Ẹnjiníà kò jẹ́ kó lọ báyẹn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ohùn yìí síbòmíì. Bí fóònù yìí bá tún wọnú aró ńkọ́?" Ó ṣí ibì kan nínú WhatsApp, ó ní kí ó máa kó ohun gbogbo lọ sórí Google ní òròòru. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe òfuurufú ni nǹkan ọ̀hún ń lọ. Kọ̀ǹpútà ńláńlá tí Google ní ló ń lọ, wọ́n sì ń fún ènìyàn ní àyè tó tó gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún fi bí fóònù ṣe ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì hàn án. Kíbọ́ọ̀dù Google ní Yorùbá nínú. Ìyá kọ "àdìrẹ" fúnra rẹ̀, àmì pé, ó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀RỌ̀ KATANGOWA

Kí ìyá tó dìde, ó béèrè ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti inú ọkọ̀. "Òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kó yín lọ sí Katangowa?"

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. Láti ìgbà Gómìnà Fashola, tó ṣèjọba Èkó láti 2007 sí 2015, ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀. Ìjọba ní àdúgbò gbígbé ni ibẹ̀, pé títì ti há, pé ọjà ti bo ilé mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe irọ́. Bí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́sàn-án gangan, ọkọ̀ panápaná á jìyà kó tó ráyè wọlé. Àwọn onílé tó kù níbẹ̀ kò rójú sùn nítorí jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn oníṣòwò. Wọ́n rántí ọjà Tejúoṣó ní Yábàá, tó jóná ní 2007. Nígbà tí wọ́n tún un kọ́ tí wọ́n sì ṣí i ní 2014, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló ké pé owó ṣọ́ọ̀bù tuntun ti kọjá agbára àwọn. Ilé dára, ṣùgbọ́n ta ló ń wọ̀ ọ́? Bí wọ́n bá kó Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì lọ, olówó á rí ṣọ́ọ̀bù rà. Ọmọ tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ńkọ́? Ọmọbìnrin tó fẹ́ ṣe frídọ́ọ̀mù ńkọ́?

Àwọn ará ọjà náà kì í sì í gba ohun tí wọn kò bá fẹ́. Ní 2019, nígbà tí wọ́n fi Ìyálọ́jà àti Bàbálọ́jà jẹ lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ wọn fárígá. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni àwọn ní, pé ìbò ni àwọn fi ń yan olórí.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Èmi ò ní kí wọ́n má kó yín. Bí ọjà bá há, ó há. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wó ti ẹni, kí wọ́n fi ti ẹni hàn án. Kí wọ́n ka orí yín níkọ̀ọ̀kan, alágboòrùn àti onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí oníkálukú mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti iye rẹ̀ kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀."

Ẹnjiníà ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni kí wọ́n fi jẹ Ìyálọ́jà wa." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọkọ̀ tún gba iwájú Katangowa kọjá nírọ̀lẹ́, ìyá yọjú wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sétí. Kì í ṣe alẹ́ Sátidé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ náà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má dúró dìgbà tí fóònù bá wọnú ọbẹ̀, wọnú aró tàbí wọnú kòtò kí ẹ tó tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní kó bá yín ṣe é. Ẹni tó bá létí, kó gbọ́ o.